Àwọn Ará Ilé Tí Ń Gbé Lẹ́yìn Odi

Gbólóhùn kan wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dúró rò ó wò. Bí ọmọ ilé kan bá ń gbé ní Kánò, tàbí ní Àbíjàn, tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, Yorùbá a máa sọ pé ó wà ní ẹ̀yìn odi. Odi ni ògiri amọ̀ tí a mọ yí ìlú ká nígbà ogun, pẹ̀lú yàrà jíjìn ní ìdí rẹ̀ àti àwọn oníbodè tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti kọjá rẹ̀, ìbáà ṣe oko etílé ni ó ń lọ, ó ti wà ní ẹ̀yìn odi, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ó lè ṣe onídùúró pé yóò padà sílé. Òjò ti wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ odi wọ̀nyí lulẹ̀, ilé sì ti bo ojú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu. Ó fi hàn pé nígbà tí àwọn baba ńlá bá ń wọn bí ẹbí ti jìnnà tó, kì í ṣe iye ibùsọ̀ ni wọ́n ń kà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni èyí: bí nǹkan bá ṣe é níbi tí ó wà, ǹjẹ́ ilé yóò gbọ́? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé, ǹjẹ́ òun lè dé?

Kò tọ́ kí á rò pé ní ayé àtijọ́ gbogbo ẹbí ni ó ń gbé pọ̀ lójú kan. Lóòótọ́, agbo ilé ni ìdílé ń gbé: baba àgbà, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ wọn, tí yàrá kan ń tẹ̀lé òmíràn yí àgbàlá ká. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn kan wà tí ó ti ilé ẹlòmíràn wá. Àwọn ni ìyàwó ilé. Obìnrin ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní jíjìnnà sí ẹbí ẹni, kì í sì í ṣe lásán ni àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ń sun ẹkún ìyàwó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń relé ọkọ. Síbẹ̀, ilé ọkọ a sábà máa wà ní àdúgbò kejì, tàbí ní ìlú tí a lè lọ kí á sì bọ̀ kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé. Obìnrin náà kò sì yọwọ́ kúrò nínú ọ̀ràn ilé baba rẹ̀. Ọmọ osú ni. Bí ìnáwó tàbí òkú bá ṣẹlẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kún àgbàlá, a kò sì gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ ilé láìgbọ́ tẹnu wọn.

Àwọn ará Ìbàdàn gba ọ̀nà tiwọn yọ. Ilé wà nígboro, abà wà lóko. Nígbà tí kòkó gbòde, igbó tí ó wà nítòsí kò tó mọ́, àwọn àgbẹ̀ sì rékọjá sí ilẹ̀ Ifẹ̀ àti ilẹ̀ Oǹdó. Àgbẹ̀ mìíràn lo ọgbọ̀n ọdún lábà, ó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀; ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ilé rẹ̀, agbo ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn ni yóò dárúkọ, ojú rẹ̀ a sì kọrẹ́ lọ́wọ́ bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ará oko. Ọdún, oyè, ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ìgboro ni a ti ń ṣe wọ́n. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó wà láàárín ilé àti abà kì í hu koríko.

Ogun ni ó kọ́ Yorùbá ní irú jíjìnnà tí kò ní ọ̀nà. Ní ọdún 1821, àwọn ológun kó ìlú Òṣoògùn, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín wọn níyà. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, ó sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí a ti dá wọn sílẹ̀. Àjàyí yìí ni ó di Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta láti wàásù. Ìròyìn rẹ̀ kan ìyá rẹ̀ lára, ìyá sì dìde, ó wá a wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá àti ọmọ fi ojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àjàyí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá òun ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Kí á wá wo ilẹ̀ tí ó wà láàárín Òṣoògùn àti Abẹ́òkúta. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá yóò rìn ín ní ọjọ́ díẹ̀. Àjàyí ti la òkun já, ìyá rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Yorùbá; ṣùgbọ́n kì í ṣe òkun nìkan ni ó yà wọ́n. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹni kìíní kò mọ̀ bóyá ẹnìkejì ń bẹ láyé tàbí ó ti kú. Kò sí ẹni tí a lè rán. Kò sí ibi tí a lè ní kí ẹni náà lọ bèèrè.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà kò wá ọgbọ́n sí i. Kí ìwé tó dé ni àrokò ti wà. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó rán an ń fà sí ẹni tí a rán an sí. Bí ìyẹn bá dá mẹ́jọ padà, ó ní bí ó ti rí lára ẹni kìíní ni ó jọ rí lára òun náà. Ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń gbé e, ibi tí ogun bá sì ti dínà, ibẹ̀ ni àrokò dúró sí.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ayé yí padà. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1912, ọ̀nà rẹ̀ ti ṣí láti Èkó títí dé Kánò, ìrìn àjò tí ó lé ní 700 máìlì. Àwọn tí baba wọn kò kọjá ọjà ìlú kejì rí di oníṣòwò ní Sábọ̀n Gàrí. Ìwé ìfìwéránṣẹ́ a máa bá ọkọ̀ náà rìn. Ẹni tí kò mọ̀wé a lọ bá akọ̀wé lẹ́tà lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́, a jókòó tì í, a sì máa pe ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ sí i létí, owó orí ìyàwó, ẹjọ́ ilẹ̀, àìsàn ọmọ. Àwọn akọ̀wé lẹ́tà ìgbà náà mọ àṣírí ìlú ju babaláwo lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹbí àti ọ̀nà jíjìn bí ilẹ̀ Gold Coast, tí a sọ lórúkọ Gánà nígbà tí ó gba òmìnira ní ọdún 1957. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìgbòho, Kíṣí, Ìgbẹ́tì, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ti ń wọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí ènìyàn bá dé Àkíra tàbí Kumasi, bí ó sì gòkè dé Tamale àti Yendi, yóò bá wọn nínú ọjà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ a padà wá mú àbúrò, àbúrò a padà wá mú ìyàwó, ọmọ ẹ̀gbọ́n a tẹ̀lé wọn láti máa bá wọn ta ọjà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń dá owó, owó náà sì wà lára ohun tí a fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn nílé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà tí Kofi Busia jẹ́ olórí rẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ náà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Kí ni ènìyàn lè fi ọjọ́ mẹ́rìnlá kó jọ nínú ohun tí ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́? Ọjà tí ó kún ilé di ohun tí a tà ní ọ̀pọ̀. Gbèsè tí oníbàárà jẹ wà lọ́rùn rẹ̀ títí di òní. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kún ojú pópó, pẹ̀lú ẹrù, ọmọ àti arúgbó, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn la Tógò àti ilẹ̀ Dàhòmì, tí ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ lónìí, kọjá.

Nínú àwọn tí ń bọ̀ wá sílé yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí ilé náà rí. Ibẹ̀ ni a bí wọn sí. Wọ́n gbọ́ èdè àwọn ará Gánà ju bí wọ́n ti gbọ́ ti àdúgbò baba wọn lọ. Nígbà tí a ní kí wọ́n máa lọ sílé, ọmọ tí ó bá gbọ́n yóò béèrè pé ilé wo ni. Ní ojú kan náà ni a sì rí ìyàtọ̀ láàárín ẹbí kan àti èkejì. Ẹni tí ó ti ń wá ṣọdún, tí ó ti kọ́ ilé, ìbáà ṣe yàrá méjì, tí ó ti fi ọmọ kan ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ó lè kàwé nílé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lójú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò di àlejò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò sì tíì padà láti ogún ọdún wá, tí àwọn tí ó sìn ín dé bodè ti kú tán, orúkọ baba rẹ̀ àti oríkì agbo ilé rẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ ìyẹn náà ńkọ́?

Àwọn ará Èjìgbò kò jẹ́ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ Ivory Coast ni tiwọn, pàápàá Àbíjàn, níbi tí púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran. Láti Èkó dé Àbíjàn tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà sì ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Síbẹ̀ ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò tí ó ń lọ tààrà sí Àbíjàn bí ẹni ń lọ sí Ìbàdàn, a sì ń gbọ́ èdè Faransé nínú ọjà Èjìgbò. Àdéhùn ẹgbẹ́ ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, ran irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: láti ìgbà tí a ti fọwọ́ sí ìwé ìrìn fàlàlà ní ọdún 1979, ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo ọjọ́ 90. Ohun tí àwọn tí ń dúró lójú pópó ń gbà lọ́wọ́ èrò jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí ìjà bẹ́ ní Ivory Coast ní ọdún 2002, àti nígbà tí rògbòdìyàn ìdìbò tún dé ní ọdún 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ sá wálé. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń sá bọ̀, nítorí pé ọ̀nà náà kò dí rí.

Òkun ni ó le jù. Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó kí àwọn tó jáde ilé ẹ̀kọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni a tọ́ bẹ́ẹ̀ ní ogún ọdún tí ó tẹ̀lé e. Lójú àwọn òbí náà, kò yàtọ̀ sí kí á fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mọ oríkì ọmọ, olùtọ́jú ọ̀hún kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mìíràn dàgbà láìgbọ́ èdè ẹni tí ó bí i. Ní àkókò tiwa yìí, òfin tilẹ̀ ti ń pààlà sáàárín ọkọ àti aya. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ rẹ̀ dání mọ́. Ní ọdún 2025 wọ́n sì ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ti òkè òkun wá. Nítorí náà, obìnrin kan lè wà níbẹ̀ lónìí tí ń wẹ ìyá onílùú, tí ń fún un lóúnjẹ, tí ń ka oògùn rẹ̀ fún un, nígbà tí ìyá tí ó bí òun fúnra rẹ̀ wà ní abúlé pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan gbogbo ilé tí ó wà ní àdúgbò. Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Báwo ni òkété yóò ṣe mu ọmú tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Owó ń dé, ó sì yẹ kí á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó kò lè pọn omi, kò lè di baba lápá mú dé ilé ìwòsàn, kò lè mọ̀ pé ó ti di ọjọ́ kẹta tí ìyá kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti yanjú èyí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí ẹ̀rọ alágbèéká GSM ti dé Nàìjíríà, àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ọ̀rọ̀ tí àrokò yóò fi oṣù kan gbé, a ń gbọ́ ọ kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu. Àlébù kan wà lára rẹ̀, bí ó ti wà lára lẹ́tà: kì í sọ ju ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu lọ. Ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú yóò sọ pé, “A dúpẹ́, ọmọ mi, ara le,” kí ọkàn ọmọ má baà dàrú. Ọmọ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò dáhùn pé, “Kò séwu, Màmá.” Àwọn méjèèjì a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹnìkan kò sì mọ ipò tí ẹnìkejì wà.

Nítorí náà ni ilé kọ̀ọ̀kan ṣe nílò ojú kan tí ń rí arúgbó. Ẹni náà sì sábà máa ń wà: ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń gbé ìlú kejì, tàbí ọmọkùnrin tí kò ríṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Bí àwọn ará ẹ̀yìn odi ti ń ṣe sí irú ẹni yìí kò dára tó. Àwọn ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, nítorí náà àwọn ni wọ́n ń gba ìyìn; ẹni tí ó ń jí lóru ni wọ́n ń bi léèrè bí ó ti ná owó. Bí ìyá bá kú, àwọn ni yóò yan aṣọ ẹbí, òun ni yóò máa gbé àga. Ó yẹ kí á ka iṣẹ́ rẹ̀ sí owó tí òun náà dá. Ó yẹ kí owó oúnjẹ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti arúgbó, kí ó sì lè sọ láìbẹ̀rù pé, “Baba kò gbádùn, ẹ wá.” Ẹlòmíràn kò lè sọ ọ́, nítorí pé baba fúnra rẹ̀ kò ní sọ ọ́.

Ohun kejì kéré, kò sì ná ilé ní nǹkan: ìwé àjákọ kan tí a óò kọ orúkọ àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi sí. Ilé mọ ọmọ kan sí Àjọkẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí orúkọ mìíràn, ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ kẹta. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni ilé yóò ní òun ń wá? Orúkọ ilé àti orúkọ inú ìwé ìrìnnà ni kí á kọ papọ̀, pẹ̀lú ìlú tí ó ń gbé, nọ́ḿbà ẹ̀rọ rẹ̀, àti orúkọ ẹnìkan tí ó wà nítòsí rẹ̀ níbẹ̀ tí ó mọ̀ pé ó ní ẹbí. Òun náà yóò sì kọ ti ilé mú dání: orúkọ abúlé, oríta tí ọkọ̀ ti ń sọni kalẹ̀, orúkọ agbo ilé, nítorí pé ọ̀pọ̀ abúlé kò ní nọ́ḿbà ilé. Àkókò Iléyá àti Kérésìmesì ni ó dára jù láti ṣe é, nígbà tí àwọn tí ó lè wálé bá wà nílé. Bí àgbà ilé kò bá mọ̀wé, ọmọ iléèwé lè kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kí á kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ osú kan ní ilé ọkọ rẹ̀, nítorí ikán.